Ewéko akéde ní ẹsẹ̀ òkun Ìlàjẹ

Ewéko akéde ni ewéko tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún àbùdá rẹ̀ ṣe, tàbí tí wọ́n fi èròjà kan sínú ewé rẹ̀, kí ó lè fi hàn bí ohun búburú bá wọ ilẹ̀, omi tàbí afẹ́fẹ́ tó yí i ká.

Ní Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ewéko ti ń kéde tipẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ní agbègbè Àwòyè ló la ọ̀nà fún omi òkun. Iyọ̀ wọ irà tí omi odò nìkan ń bọ́ tẹ́lẹ̀, igi tí kò mọ iyọ̀ rí sì kú ní ìdúró. Ojúoró náà kò gba iyọ̀: etí ewé rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á sì rọ sórí omi. Ìkéde tó dunni ni, torí ikú ewéko gan-an ni ìròyìn. Kí ojú tó rí i, omi mímu ti bàjẹ́.

Ohun tí yàrá ìwádìí ń wá ni ìkéde tó máa ṣáájú ikú. Ní 2016, Michael Strano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tín-ín-tìn-ìn-tín sínú ewé spinach. Bí gbòǹgbò bá fa omi tó ní èròjà ohun abúgbàù, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí máa ń yí padà nínú ewé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kámẹ́rà á sì rí i. Ní 2023, Sean Cutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California gba ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ewéko ló ní ohun tí ń gba ìròyìn ọ̀dá nínú ara rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe kí ó lè gba ìròyìn oògùn apakòkòrò kan, ewé Arabidopsis, ewéko tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, sì pọ́n wẹ̀ nígbà tí oògùn náà kàn án.

Arabidopsis kò lè gbé irà oníyọ̀. Igi ẹ̀gbà, tó ti mọ iyọ̀ àti ẹrẹ̀, ló yẹ kí a máa wò fún Ìlàjẹ. Ojúoró kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí omi lè gbé e lọ kúrò níbi tí a fi í ṣọ́. Láti àwọn ọdún 1980 tí ewéko àjèjì kan ti léfòó gba ojú omi etíkun wa, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tó sì ń lọ́ mọ́ àwọ̀n, apẹja mọ ohun tí ewéko tí kò dúró lójú kan lè ṣe.