Nǹkan Oṣù

Nǹkan oṣù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lójú ara obìnrin nígbà tí kò bá sí oyún. "Oṣù" inú orúkọ yìí máa ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ obìnrin: bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, wọ́n á ní oyún ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 21 sí 35 láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì ló bójú mu fún àgbàlagbà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, títí di ọjọ́ tí òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Ìrònú tàbí kí èèyàn rù lójijì lè dá nǹkan oṣù dúró.

Ẹni tó bá bá ọkùnrin sùn, tí tirẹ̀ sì pẹ́, kó má sáré mu àgbo. Kó fi ìtọ̀ ṣe àyẹ̀wò ná: bí ìlà méjì bá yọ lára ohun àyẹ̀wò náà, oyún ni. Bí kò bá sí oyún, tí kò sì rí i fún oṣù mẹ́ta, kó lọ rí dókítà.