Fíìtì Kan Tó Lé

Ìṣirò tí Bàbá fọ́máànù ṣe sí ẹ̀yìn rìsíìtì sìmẹ́ńtì kò ju ìlà mẹ́ta lọ, kò sì gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú kan. Òun ló fi hàn pé pílánù tí mo fẹ́ gbé lé wọn lọ́wọ́ fi fíìtì kan gùn ju ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún ọjọ́ yẹn rò, wákàtí kan lẹ́yìn òmíràn, kí n lè mọ ibi tí fíìtì náà gbà wọlé.

Aago 7:15 àárọ̀

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Iná wà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, torí ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tó yára jù. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pílánù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin, lórí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 18, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 36. Ó gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé lọ́jọ́ kejì ni àwọn bíríkìlà máa na okùn ìpìlẹ̀.

Ká sòótọ́, ilé náà ti wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ nínú SketchUp: ògiri, fèrèsé, àtẹ̀gùn, òrùlé. Èèyàn lè yí i po, ó lè wọ inú rẹ̀, ó lè wo bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa gba fèrèsé wọ pálọ̀. Ìyá onílé ti wò ó lórí fóònù, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kì í wo fóònù to búlọ́ọ̀kù. Ìwé ló ń lò, ìwé tó ní ìlà, nọ́ńbà àti àmì.

Ohun tó ń gbé ilé inú kọ̀ǹpútà bọ́ sórí ìwé ni LayOut, àbúrò SketchUp. Ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe SketchUp jáde lọ́dún 2000. Google rà á lọ́dún 2006, LayOut jáde lọ́dún 2007, Trimble sì ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ Google lọ́dún 2012.

Aago 8:00

Mo kọ́kọ́ tún inú ilé náà tò. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ẹgbẹ́ tirẹ̀: ògiri lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, àga àti bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀, igi ọgbà lọ́tọ̀. Títí di ọdún 2020, léyà ni SketchUp ń pè é. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kò tíì yéé pè é bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ pílánù ìsàlẹ̀, màá fi òrùlé pamọ́, màá fi àga pamọ́, màá wá gé ilé náà ní mìlímítà 1,200 sókè ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá bẹ́ orí àgbọn tó sì yọjú wo inú rẹ̀. Ohun tí ojú bá rí ni pílánù.

Ibi tí mo bá ti wo ilé náà, màá ní kí SketchUp rántí rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀: ìsàlẹ̀, òkè, òrùlé, ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìlàjì méjì, èyí tó ń fi inú ilé hàn bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Mo rí i dájú pé mo pa bí ojú ṣe ń rí ọ̀ọ́kán, níbi tí ohun tó jìnnà ti ń kéré. Bí èèyàn bá gbàgbé ìyẹn, ògiri ẹ̀yìn á kúrú ju ti iwájú lọ, kò sì sí ìwọ̀n kan tó máa bá àwòrán náà mu.

Aago 9:30

Mo ṣí LayOut, mo mú ìwé A2, mo sì ń kó àwọn ìwòran náà sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ilé ti ń di kékeré pẹ̀lú òfin. Pílánù gba 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà méjì lórí ìwé jẹ́ mítà kan nílẹ̀. Iwájú ilé náà tó jẹ́ 10,800 mìlímítà di sẹ̀ǹtímítà 21.6. Ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba 1:100. Àwòrán ilẹ̀ gba 1:200, mítà 18 sì di sẹ̀ǹtímítà 9.

Lẹ́yìn náà ni mo ń yan bí ìlà ṣe máa nípọn tó. Ògiri tí ọ̀bẹ gé gbọ́dọ̀ dúdú kó nípọn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀ṣọ́ kọ́. Níbi tí bíríkìlà bá ti rí ìlà tó nípọn, búlọ́ọ̀kù ló máa tò síbẹ̀.

Aago 11:40

Ìwọ̀n ló kàn. Nínú LayOut, èèyàn kì í kọ nọ́ńbà. Wàá tẹ igun kan, wàá tẹ igun kejì, ẹ̀rọ náà á wo ilé tó wà nínú SketchUp, á sì kọ ohun tó bá rí síbẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì iwájú ilé: ògiri 225, pálọ̀ 4,800, ògiri 225, ọ̀nà àbáwọlé 1,500, ògiri 228, yàrá àlejò 3,597, ògiri 225.

Mo dúró. Kò sí ògiri 228 láyé yìí. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án jẹ́ 225. Ó ní láti jẹ́ pé nígbà tí mo ń sún ògiri yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ibi tí kò yẹ ló lọ fi kọ́. Ohun tó tọ́ ni kí n padà sínú ilé náà, kí n tún ògiri náà ṣe. Ṣùgbọ́n mìlímítà mẹ́ta! Mo tẹ 228 lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, mo kọ 225 dípò rẹ̀. Mo kọ 3,600 dípò 3,597. Mo wo ìlà náà lápapọ̀, ó jẹ́ 10,800 géérégé. Mo kọjá lọ.

Aago 1:45 ọ̀sán

Iná ti lọ, ínfátà ló ń gbé wa. Fóònù dún. Ìyá onílé ni.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà àbáwọlé yẹn. Màmá mi ló máa gba yàrá ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń rìn. Mo sì fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù bàtà mọ́ ògiri níbẹ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bíi 1,500 kó tó lè yí po. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá gba 300 nínú rẹ̀, màmá á há. A fẹnu kò pé kí ọ̀nà náà di 1,800, kí yàrá àlejò sì fún un ní 300.

Aago 2:10

Mo sún ògiri náà nínú SketchUp, mo tọ́jú iṣẹ́, mo padà sí LayOut, mo ní kó lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo ìwé ti yí padà. Ògiri sún lórí pílánù, ó sún nínú ìlàjì, ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e, 1,500 di 1,800 fúnra rẹ̀. Nígbà tí a ń fi rúlà yà á, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, pẹ̀lú bíléèdì láti fi ha tàdáwà. Inú mi dùn débi pé mi ò ka nọ́ńbà kankan. Nọ́ńbà méjì kò yí padà lórí ìwé yẹn, torí pé ọwọ́ mi ló kọ wọ́n, wọn ò sì mọ̀ pé ilé wà.

Aago 4:05

Bàbá fọ́máànù dé. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n kò wo àwòrán aláràbarà tí mo fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n ṣí pílánù ìsàlẹ̀, wọ́n fa pẹ́ńsù yọ létí.

“4,800, 1,800, 3,600. Ògiri mẹ́rin, 900. Ó di 11,100.” Wọ́n fi ìka tẹ nọ́ńbà ìsàlẹ̀. “Ibí ní 10,800. Ọmọ mi, èwo ni kí n na okùn sí nínú méjèèjì?”

Mìlímítà 300. Fíìtì kan. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lò tó wákàtí márùn-ún, àmọ́ bí kì í bá ṣe pẹ́ńsù yẹn, inú kọnkéré ni ì bá sùn sí.

“Ẹ máà bínú, Bàbá. 10,800 ni. Ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀rọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀rọ kì í kánjú.”

Mo padà sínú ilé, mo mú ògiri náà wá sí 225, mo pa àwọn nọ́ńbà tí mo fọwọ́ kọ rẹ́, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ tirẹ̀. Yàrá náà jáde ní 3,300. Bàbá tún un rò, wọ́n sì gbà.

Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ti yan kí àwòrán dín kó lè wọ inú etí ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ya ìlà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: 9.6. A tún un tẹ̀. Nígbà tó pé 10, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń fi orúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ wọn sí i. Bàbá ká tiwọn bí ẹní, wọ́n sì lọ.

Aago 7:20 alẹ́

Gbogbo èèyàn ti lọ ilé. Mo ṣí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí ọwọ́ mi kọ. Mo rí ẹyọ kan ní ilé ìwẹ̀ òkè: mo ti kọ 1,800, ilé sì ní 1,795. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Mo padà sínú SketchUp, mo sún ògiri náà ní mìlímítà márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo pe Bàbá pé kí wọ́n má tíì fún bíríkìlà kankan ní ìwé òkè, pé òmíràn ń bọ̀ láàárọ̀.