Etí Tí Ó Gbé Ìlù Kọjá Òkun: Àwo Orin, Àwọn Olólùfẹ́ Jáàsì àti Ìlù Yorùbá, 1959–2017

Ìfáàrà

Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ orin jáàsì bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń gba ẹnu wọn: àwo orin tí ó dùn jù, olórin tí ó mọṣẹ́ jù, àti òde eré tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ pàdánù. Lójú ẹni tí kò bá wọn nífẹ̀ẹ́ orin náà, ìtàkùrọ̀sọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlù Yorùbá láàrin 1959 sí 2017 fi hàn pé irú ìfẹ́ yìí ní iṣẹ́ tí ó ṣe. Olùgbọ́ ni àwọn olórin tí ìtàn náà dá lé lórí kí wọ́n tó di olùdá. Àwo ẹlòmíràn ni wọ́n jókòó tì kí wọ́n tó gbé tiwọn jáde.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí jáàsì láàrin àwọn Yorùbá. Àwọn kan gbà pé orin àjèjì ni, orin àwọn alákọ̀wé tí ó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé. Àwọn mìíràn gbà pé ọmọ ilé ni, ọmọ tí a kó lẹ́rú lọ tí ó wá padà wálé. Èrò kejì dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ìtàn òwò ẹrú kò gbè é tán. Ìlú New Orleans ni jáàsì ti yọjú ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808, kí ogun ilẹ̀ Yorùbá àti ìṣubú Ọ̀yọ́ tó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá di ẹrú. Bàhíà ní Bùràsíìlì àti erékùṣù Kúbà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gúnlẹ̀ sí. Nítorí náà, bí ìlù Yorùbá bá wà nínú jáàsì, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà débẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà: etí olùgbọ́ àti àwo orin.

Àwo Ọlátúnjí

Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni a ti bí Babátúndé Ọlátúnjí ní 1927. Ní 1950, ó gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní ìlú Atlanta. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí New York láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú. Ìlù tí ó ń lù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wá borí ìwé. Ilé-iṣẹ́ Columbia gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1959, wọ́n sì gbé àwo náà jáde ní 1960 pẹ̀lú orúkọ *Drums of Passion*.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nípa àwo yìí. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lùlù tí wọ́n sì gberin lórí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àti ti erékùṣù Káríbíà ni wọ́n, tí Ọlátúnjí kọ́ ní orin ní èdè tí wọn kò gbọ́. Àwọn gan-an ni olùgbọ́ àkọ́kọ́ tí àwo náà ní. Èkejì ni pé àwo náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin jáàsì kíákíá. Kí ọdún 1960 tó parí, Ọlátúnjí ti bá Max Roach lùlù nínú àwo *We Insist!*, níbi tí orin ti di ohun ìjà fún òmìnira àwọn adúláwọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó wà pẹ̀lú Randy Weston nínú *Uhuru Afrika*, àwo tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fòfin dè ní 1964.

Ní oṣù kìíní ọdún 1962, Art Blakey tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ onílù jáàsì kó àwọn onílù jọ fún àwo *The African Beat* ní ilé-iṣẹ́ Blue Note. Ọmọ Yorùbá kan, Solomon Ìlòrí, wà láàrin wọn, ó sì mú orin tirẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà ni “Ife L'ayo”. Ní ọdún kan náà, John Coltrane, afunsaksofóònù tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Yúróòpù, sọ orin kan ní “Tunji”, ìkékúrú orúkọ Ọlátúnjí. Olórin kan kì í sọ orin ní orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹrin, 1967

Ìfẹ́ Coltrane sí iṣẹ́ Ọlátúnjí kọjá orúkọ tí ó fi sọ orin. Ó wà lára àwọn tí ó dáwó ran ilé-ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní òpópónà 125 ní Harlem lọ́wọ́. Ilé yìí ni ó ti ṣeré ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1967. Àìsàn ti ń bá a jà nígbà náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 17, oṣù keje, tí ó fi kú ní ẹni ogójì ọdún. Eré ọjọ́ náà ni ó kẹ́yìn nínú gbogbo eré ojú agbo rẹ̀ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Pharoah Sanders ni ó fun saksofóònù kejì, Alice Coltrane tẹ dùùrù, Jimmy Garrison ta báàsì, Rashied Ali sì lu àkójọ ìlù. Ẹni mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú fò: Algie DeWitt, tí ó lu bàtá. Bàtá kò ṣàjèjì ní New York mọ́ ní àsìkò yẹn. Ní ọdún 1950 sí 1959 ni àwọn onílù Kúbà bíi Francisco Aguabella àti Julito Collazo bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham wọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì mú ìlù òrìṣà àwọn Lùkùmí dání. Ìlù tí a gbé kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá ti kọjá sí Kúbà, ó ti Kúbà dé New York, ó wá jókòó ti saksofóònù nínú ilé tí ọmọ Àjídò dá sílẹ̀.

Orin méjì péré ni ó wà nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀ náà, àpapọ̀ wọn sì lé ní wákàtí kan. “My Favorite Things” ni èkejì, orin tí àwọn olólùfẹ́ Coltrane ti mọ̀ láti 1961. “Ogunde” ni èkíní. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí orúkọ yìí lè rántí Hubert Ògúndé, baba eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni. Orin àwọn adúláwọ̀ Bùràsíìlì ni Coltrane ti mú orúkọ náà, níbi tí gbólóhùn “Ògún dé” ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ ẹrú láti ìran dé ìran. Nígbà tí Coltrane gba orin náà sílẹ̀ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní ọdún kan náà, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní Harlem, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ohùn tí a gbà lọ́jọ́ náà kò já gaara. Ìlù bo dùùrù mọ́lẹ̀, fèrè sì ń ya lójú ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó gbà kí ilé-iṣẹ́ Impulse tó gbé e jáde ní àwo, ní 2001. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni eré náà ń gbé. Ìfẹ́ olùgbọ́ ni kò jẹ́ kí ó kú.

Èkó: Àwo Gẹ́gẹ́ Bí Olùkọ́

Bí àwo Ọlátúnjí ti ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni àwo Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Láti 1955 ni Willis Conover ti ń fi jáàsì ránṣẹ́ káàkiri ayé lórí asọ̀rọ̀mágbèsì Voice of America. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní “Jam Session” ṣáájú èyí, orúkọ tí a mú láti ẹnu àwọn onijáàsì. Nígbà tí Fẹlá Kútì ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé ní 1963, iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ni ó kọ́kọ́ ṣe, jáàsì ni ó sì fẹ́ máa kọ.

Ọ̀dọ̀ Fẹlá ni Tony Allen wá gbìyànjú wò ní 1964. Ọmọ Èkó ni Allen. Nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 2013, ó ṣàlàyé pé àwo Art Blakey àti ti Max Roach wà lára ohun tí òun fi kọ́ṣẹ́, àti pé ẹ̀kọ́ kan tí Roach kọ sínú ìwé ìròyìn *Down Beat* ni ó là á lójú sí aro méjì tí onílù ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ onílù Èkó ìgbà náà kì í lò ó. Allen gbé e sí iṣẹ́, ó sì fi í kún ọwọ́ ìlù tí ó wá sọ orin Fẹlá di Afrobeat.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ baba ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ ìlù. Baba ń wo ọwọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ṣìlù, baba á tún un ṣe. Àwo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè tún ohun kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣùgbọ́n kò lè wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àléébù yìí ni ó di èrè. Nítorí pé Blakey kò sí ní Èkó láti tọ́ ọ sọ́nà, Allen fi ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà. Èdè náà pàápàá jẹ́rìí sí bí etí ti gba orin yìí mọ́ra: àkójọ ìlù òyìnbó tí ó wà ní ilé ìjọsìn àti òde àríyá ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní ìlù jáàsì.

Àwọn kan gbìyànjú láti fi owó ìjọba darí ìpàdé yìí. Ní ọjọ́ 18 àti 19, oṣù kejìlá, ọdún 1961, ẹgbẹ́ American Society of African Culture ṣe àjọ̀dún ní pápá ìṣeré King George V ní Èkó. Nina Simone, Lionel Hampton àti Randy Weston wà lára àwọn tí ó wá. Ní 1967 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ni ó ń náwó sí ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n owó amí kò lè yan ohun tí etí yóò mú lọ sílé. “Niger Mambo”, orin Bobby Benson, wà nínú àwo *Highlife* tí Weston gbé jáde ní 1963. Ẹni tí wọ́n rán wá láti fi orin Amẹ́ríkà han Èkó ni ó mú orin Èkó lọ sí Amẹ́ríkà.

Ohun Tí Àwo Kò Lè Gbé

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ìlù ni ó dé òdìkejì òkun. Àkọlé tí ó wà lára *Drums of Passion* tó láti fi èyí hàn. “Kiyakiya” wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ìbéèrè ìdí tí ènìyàn fi ń sá lọ. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ìyára ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Èyí kéré. Èyí tí ó wúwo ni “Oya”, tí wọ́n túmọ̀ sí iná ayé aláìlajú. Ọya, òrìṣà odò àti ìjì, aya Ṣàngó, di iná lásán lójú ẹni tí ó ra àwo náà. Ìlù náà dé etí rẹ̀. Ẹni tí ìlù ń kì kò dé ọkàn rẹ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàrin olùgbọ́ tí ó gbọ́ èdè àti èyí tí kò gbọ́. Èyí kò sọ ìfẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè di asán, nítorí láìsí i, Coltrane kì bá tí sọ orin ní “Tunji”. Ṣùgbọ́n ó di iṣẹ́ lé àwọn onímọ̀ Yorùbá lọ́wọ́. Àkọlé tí kò ní àmì, ìtumọ̀ tí ó ṣìnà, àti orúkọ àwọn onílù tí wọ́n wà lẹ́yìn àwo lásán, gbogbo wọn ń dúró de ẹni tí yóò kà wọ́n bí a ti ń ka oríkì.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2017, Tony Allen, tí ó ti ń gbé ní Párísì láti ọdún pípẹ́, gbé àwo kékeré kan jáde láti fi bu ọlá fún Art Blakey. Ilé-iṣẹ́ Blue Note ni ó gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ kan náà tí Blakey ti pe Solomon Ìlòrí wá lùlù ní ọdún 55 ṣáájú. Ọlátúnjí ti di olóògbé ní 2003. Allen náà jáde láyé ní 2020.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ìtàn yìí fi hàn pé odò kan lè ní ju orísun kan lọ. Blakey pe ọmọ Yorùbá wá sídìí àwo rẹ̀. Ọmọ Èkó fi àwo Blakey kọ́ṣẹ́, ó sì dá tirẹ̀. Ìbéèrè ẹni tí ó ni jáàsì kò lè yanjú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i ni èyí tí àwọn olólùfẹ́ orin ti ń bi ara wọn tipẹ́: àwo wo ni o gbọ́, ọ̀dọ̀ ta ni o ti gbọ́ ọ, kí sì ni o fi ṣe? Àwọn tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí nípa Èkó ìgbà òmìnira ti ń dàgbà, àwo wọn sì ń há. Ó yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn nígbà tí ẹnu ṣì ń sọ ọ́.