àjẹsára

Ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìṣẹ̀dá: à- + jẹ + sí + ara, «ohun tí a jẹ sínú ara».

Ìtumọ̀
1. Oògùn ìbílẹ̀ tí ènìyàn jẹ ṣáájú ewu, kí agbára rẹ̀ lè wà nínú ara.
2. (Ìṣègùn òde òní) Ohun tí a gún tàbí tí a kán sí ẹnu, láti kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn kan pàtó jà kí àrùn náà tó dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Àlàyé
Bakitéríà tí ó ń fa yírùnyírùn a máa fi ṣúgà bo ara rẹ̀ bí ẹ̀wù, kí ó má baà rọrùn fún sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ láti gbé e mì. Díẹ̀ nínú ṣúgà yìí, tí a so mọ́ purotéènì, ni ó wà nínú àjẹsára. Kò sí bakitéríà tí ó wà láàyè níbẹ̀. Ara yóò wá ṣe èròjà agbóguntàrùn tí ó bá ẹ̀wù náà mu. Bí bakitéríà gan-an bá wọlé, èròjà náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di àmì sí i lára. Àmì yìí ni sẹ́ẹ̀lì funfun ń dì mú láti gbé e mì. Òun náà ni ó ń pe àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ wá láti dá ihò sí i lára. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó lo Men5CV, àjẹsára tí ó ń dènà ẹ̀yà márùn-ún bakitéríà yìí: A, C, W, X àti Y.

Ìlò
Bí «jẹ» tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, «gba» ni a ń lò fún ìtumọ̀ kejì: «Àdùkẹ́ ti gba àjẹsára yírùnyírùn.»

Àkíyèsí
Gbogbo abẹ́rẹ́ kọ́ ni àjẹsára. Abẹ́rẹ́ tí a gún fún ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná, tí ọrùn rẹ̀ sì ti le, láti pa bakitéríà inú ara rẹ̀, oògùn ni. Àjẹsára kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ara tó pèsè èròjà rẹ̀ tán. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá bèèrè, «ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́» kò tó; kí a sọ irú àjẹsára tí ó gbà àti ìgbà tí ó gbà á. Ọmọ tí ó ti gbà á pàápàá, bí ọrùn rẹ̀ bá le pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Tún wo: abẹ́rẹ́, oògùn, yírùnyírùn.