Ludmila: Orúkọ Ìbílẹ̀ Tó Di Orúkọ Ẹni Mímọ́

Bí Yorùbá ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ di orúkọ ni àwọn ẹ̀yà Slav náà ń ṣe. Nínú Ludmila, 'lud' dúró fún àwọn ènìyàn, 'mil' sì dúró fún ọ̀wọ́n: 'ẹni ọ̀wọ́n láàrin ènìyàn' ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Aya Bořivoj, olórí àwọn Czech, ló jẹ́ kí orúkọ náà gbajúmọ̀. Òun ló tọ́ Václav, ọmọ ọmọ rẹ̀, nínú ẹ̀sìn Kristi. Àwọn tí Drahomíra, ìyàwó ọmọ rẹ̀, rán ló fún un lọ́rùn pa ní Tetín lọ́dún 921. Ìjọ kà á sí ẹni mímọ́. Orúkọ tí kò sí nínú Bíbélì sì di orúkọ ìrìbọmi.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún àwa olùkọ́ ni pé kò dìgbà tí a bá pa orúkọ ìbílẹ̀ tì kí ọmọ tó ṣe ìrìbọmi.