Ta Ló Ná Owó Ìpè Wálẹ̀?

Lọ́jà Yorùbá, iye tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí yóò tà á. Oníbàárà á dá a sí méjì, ọlọ́jà á ní kò gbà, oníbàárà á kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tó ń lọ sí ìsọ̀ kejì, ibẹ̀ ni ọlọ́jà yóò ti pè é padà. Bí wọ́n bá fẹnu kò tán, èènì á tún tẹ̀lé e. Nígbà tí fóònù alágbèéká àti tẹlifíṣàn olówó oṣooṣù dé, ó jọ pé àṣà yìí ti pàdé ọjà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ná káàdì ìpè, ẹ̀rọ tó ń yọ owó lórí fóònù kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ "ẹ bá mi dín in kù". Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé oníbàárà kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́, àfi kí ìjọba bá a ná an. Ìtàn ogójì ọdún tó kọjá kò gbe ìgbàgbọ́ náà lẹ́sẹ̀. Owó ìpè, owó dátà àti owó tẹlifíṣàn ti wálẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ tàbí àṣẹ ló sábà máa ń fà á wálẹ̀. Agbára nínájà kò sí lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ló wà: ẹni tó rí ìsọ̀ míì lọ ni ọlọ́jà ń pè padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí ìsọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù 18,724 ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní fún nǹkan bí mílíọ̀nù ogójì ènìyàn. Ní 1985, ìjọba pa ẹ̀ka tẹlifóònù iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, P&T tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n sì pe àpapọ̀ méjèèjì ní NITEL. Ìjọba ló ni NITEL, ìjọba ló sì ń fọwọ́ sí iye tó ń gbà. Bó bá jẹ́ pé kí ìjọba dá iye lé ọjà ni ìgbàlà oníbàárà, ìgbà náà ló yẹ kó dùn jù. Ṣùgbọ́n títí di 2001, ìlà tí NITEL ní kò tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè tí èrò ibẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dúró fún ọdún gbọọrọ. Iye tó wà lórí ìwé lè má ga, àmọ́ ohun tí oníbàárà ń ná gan-an yàtọ̀: owó ẹ̀yìn kí wọ́n tó fa wáyà dé ilé, òmíràn bí wáyà bá já, owó ọkọ̀ dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fún ẹni tí kò ní ìlà rárá. Nínájà wà nígbà náà o, àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń ná an, láàárín ẹni tó ń wá ìlà àti òṣìṣẹ́ tó lè dá a dúró. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń tajà, nínájà kì í sọnù, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló máa ń dà.

Ní oṣù kìíní 2001, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fi ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ṣe gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan já sí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ìsọ̀ ti di méjì báyìí, owó á já wálẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ₦7,500, kò lè ra síìmù kan. Ìpè jẹ́ ₦50 ní ìṣẹ́jú, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń kà: ẹni tó kàn sọ pé "mo ti dé o" tó sì pa á ti jẹ gbèsè ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe ní kí wọ́n máa ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, èsì tí wọ́n ń gbọ́ ni pé kò tíì ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ìsọ̀ méjì tó ń pe iye kan náà, níwájú èrò tí òùngbẹ fóònù ti ń gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìsọ̀ kan. Síbẹ̀, oníbàárà kò káwọ́ gbera. Àwọn kan ra síìmù kan, wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ agbòjò lẹ́bàá títì, wọ́n ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú fún ẹni tí kò lówó síìmù tirẹ̀. Àwọn tó kù kọ́ ọgbọ́n fíláàṣì: kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan kí a sì pa á, kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ pè padà. Ilé-iṣẹ́ kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí fíláàṣì, àmọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán ti dé ibi tó ń lọ.

Ọdún 2003 ni iye yẹn já. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, Globacom tí Mike Adenuga dá sílẹ̀ wọ ọjà, ó sì gbé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe wá: ìpè tí à ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú fi tẹ̀lé e. Ẹnì kan lè takò mí níbí pé ohun míì tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ké sí gbogbo Nàìjíríà pé kí wọ́n pa fóònù wọn fún ọjọ́ kan nítorí owó gọbọi àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì játijàti, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pa á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Obadare ti kọ̀wé lórí ìyanṣẹ́lódì fóònù yìí, ó sì yẹ ká kà á sí nǹkan ńlá, torí ó fi hàn pé àwọn tí kò mọ ara wọn rí lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lòdì sí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìsọ̀ kẹta ṣí ni ìyanṣẹ́lódì wáyé. Láti 2001 ni àwọn ènìyàn ti ń kígbe, igbe náà kò sì yí iye padà. Fóònù tí a pa fún ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì a ó tàn án. Ẹni tó bá ra síìmù ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lè má padà mọ́, èyí ló sì ń ba ọlọ́jà lẹ́rù. Mi ò sọ pé igbe kò wúlò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsọ̀ kẹta ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni oníbàárà Nàìjíríà ti sọ nínájà di àṣà tuntun tí kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ra síìmù méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí fóònù onísíìmù méjì sì gbòde, kò ní láti máa tú ẹ̀yìn fóònù mọ́: ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún dátà, èyí tó bá wọ́n lónìí á sinmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi èènì dáhùn: káàdì tó ń bí ju iye rẹ̀ lọ, ìpè òru tí owó rẹ̀ kéré débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń bá olólùfẹ́ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọ̀nà tiwa yàtọ̀ sí ti Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé. Níbẹ̀, oníbàárà tó tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan tàbí méjì lè pe ilé-iṣẹ́ bí àdéhùn bá ń parí, kó ní òun ń lọ, kí wọ́n sì gbé e fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tu ẹni tó ń lọ lójú lọ. Láti oṣù kejì 2020 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀, ti pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa ta oníbàárà lólobó bí àdéhùn rẹ̀ bá ti fẹ́ parí. Ní Nàìjíríà, owó là ń san ṣáájú, kò sí àdéhùn tó ń parí, kò sì sí ẹni tí a ó pè. Àmọ́ ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì: ìbẹ̀rù pé oníbàárà á lọ. Àwọn kan á rán mi létí pé nígbà tí NCC gbà wá láyè ní oṣù kẹrin 2013 láti gbé nọ́ńbà wa láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, àwọn tó lò ó kò pọ̀, èyí tó fi hàn pé a kì í fẹ́ lọ. Rárá o. Síìmù kejì ti ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́; ta ni yóò kó ẹrù nígbà tó ti ní ilé méjì?

Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tún fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, nítorí oníbàárà kò rí ibi tí owó ti wọ́n níbẹ̀. Láti 2002, okùn abẹ́ òkun kan, SAT-3, ló gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Èkó, NITEL nìkan ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè ná sáíbà káfè tó, ohun tí òun náà rà lọ́wọ́n ni yóò tà lọ́wọ́n. Ní 2010, okùn MainOne tí Funke Opeke dá sílẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó, Glo-1, okùn Globacom, náà sì dé. Ìgbà náà ni owó osunwọ̀n já, tí dátà sì wá di nǹkan tí mẹ̀kúnnù ń rà. Ìjọba tí à ń retí pé kó bá wa ná an ńkọ́? Ní ìparí 2016, NCC fúnra rẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀ sí iye dátà láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á ní ẹ̀dínwó kọjá ibẹ̀. Ìdí wọn kì í ṣe ìkà: wọn ò fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ọ̀pọ̀ yanturu lé àwọn kéékèèké kúrò lọ́jà. Ariwo sọ, wọ́n sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kọ́ wa pé alágbàná tí a rán lọ́jà lè padà wá pẹ̀lú iye tó ju ti ọlọ́jà lọ.

Tẹlifíṣàn ni àríwísí tó lágbára jù lọ, mi ò sì ní fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti san owó oṣooṣù rí fún asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò oníwáyà tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939: ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́. Àṣà náà padà wá nínú bọ́ọ̀lù. Ní 2007, HiTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn olówó oṣooṣù kan, gba ẹ̀tọ́ ìdíje Premier League mọ́ DStv tó ń ta irú ọjà kan náà lọ́wọ́, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀nà kejì ti ṣí. Ní 2010 ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì fi di 2011 kò sí mọ́. Níbi tí ọjà kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ni àǹfààní ìsọ̀ tó kù? Ìjọba gbìyànjú. Ní 2020, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, fòfin de kí ẹnì kan dá ẹ̀tọ́ eré ìdárayá gbé. Ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2022. Nígbà tí MultiChoice tó ni DStv gbé owó oṣooṣù ètò ìkànnì Compact láti ₦15,700 sí ₦19,000 ní oṣù kẹta 2025, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kó dúró ná. Ní oṣù karùn-ún, Adájọ́ James Omotosho l'Ábújá dájọ́ pé àjọ náà kò lágbára láti dá iye lé ọjà. Òfin kò ran oníbàárà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ràn án. Láàárín ọdún méjì tó ṣáájú, oníbàárà mílíọ̀nù 1.4 ló fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà: àwọn kan gba ilé ìwòran lọ, àwọn kan bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan kàn pa á tì. Kí ọdún 2025 tó parí, ẹ̀rọ dẹ̀kódà tó jẹ́ ₦20,000 di ₦10,000, ẹni tó bá sì sanwó déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìkànnì tó wà lókè ohun tó san. Adájọ́ ti gbè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ iye, síbẹ̀ wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ẹnì kan á tún bi mí pé, bó bá jẹ́ pé ìsọ̀ púpọ̀ ló ń ṣe é, kí ló dé tí gbogbo wọn fi jọ gbówó lórí ní 2025, lẹ́yìn tí NCC fọwọ́ sí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìdíje ń gé èrè ọlọ́jà ni, kò lè gé iye tí òun náà ná. Láti 2013 ni owó ìpè ti dúró sójú kan, nígbà tí náírà ń já wálẹ̀ tí owó dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́ sì ń gòkè. Síbẹ̀, ààlà wà fún ìgbówólórí pàápàá: nígbà tí MTN gbé 15GB ọlọ́sẹ̀ kan láti ₦2,000 sí ₦6,000, ìbínú àwọn oníbàárà mú kó tọrọ àforíjì ní gbangba. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kì í ṣe kó bá wa dá iye lé ọjà. Ó ti ṣe é rí lábẹ́ NITEL, a sì rí ibi tó já sí. Kó jẹ́ kí gbígbé nọ́ńbà rọrùn débi pé kò ní gba ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kó wá òfin tó lè dúró nílé ẹjọ́ lòdì sí dídá ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù gbé. Kó yanjú owó tabua tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí okùn tó gúnlẹ̀ sí Èkó lè dé Ṣakí àti Ìkàrẹ́ lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ. Bí ó bá ṣe ìyẹn, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún wa. Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Iṣẹ́ ìjọba ni kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí àwọn ọ̀nà tó kù.