Páńẹ̀lì Sólà Kékeré fún Bátìrì Ọkọ̀

Páńẹ̀lì sólà kékeré fún bátìrì ọkọ̀ ni páńẹ̀lì tí agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín wáàtì 5 sí 20, tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì mọ́tò, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Marúwá, katakata oko tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá, kí oòrùn lè máa bu iná díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti páńẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń tò sórí òrùlé láti fi tan iná ilé. Kò lè wa ọkọ̀, kò sì lè jí bátìrì tó ti kú. Kí bátìrì tó kún má baà jò gbẹ níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire nítòsí Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń kó irè oko máa ń jókòó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bí ìkórè bá ti kásẹ̀. Ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tàbí tó wà lókè òkun, lè gbé ọkọ̀ kan sílé tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí di Iléyá tàbí Kérésìmesì. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ọkọ̀ tó ń jókòó ti pọ̀ sí i. Lítà bẹntiróòlù kan, tí iye tí ìjọba fi lélẹ̀ lórí rẹ̀ kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀, ti kọjá ₦600 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Ẹni tó ń wa mọ́tò lójoojúmọ́ wá di ẹni tó ń wà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bátìrì sì ń jìyà rẹ̀.

Bí bátìrì ṣe ń kú lórí ìdúró

Bátìrì inú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Gaston Planté, ará Faransé, ṣe ní 1859: òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n rì sínú ásíìdì tí wọ́n ti fi omi là. Inú bátìrì mọ́tò pín sí yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtì 2.1 wá, àpapọ̀ wọn ni à ń pè ní fóòtì 12. Bí bátìrì bá kún tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, mítà yóò ka 12.6 tàbí 12.7. Bí ó bá ka 12.2, nǹkan bí ìdajì ló kù. Bí ó bá ti sún mọ́ 11.9, ó ti tán.

Àwọn awakọ̀ sábà máa ń rò pé sítáàtì ló ń jẹ bátìrì jù. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń sítáàtì lè fa áńpù 150 tàbí 200 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ọ́tánétọ̀ yóò sì dá a padà bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà díẹ̀. Iná kékeré tí kì í sinmi ló ń pa á: aago, àlámù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, rédíò, àti ẹ̀rọ atọpinpin tí a ń dè mọ́ inú ọkọ̀ nítorí olè. Gbogbo wọn lápapọ̀ lè máa fa mílíáńpù 40 tọ̀sán-tòru. Ó kéré létí, àmọ́ bí ọ̀sán kan àti òru kan bá fi kọjá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iná tí áńpù kan ń gbé fún wákàtí kan. Bátìrì tí àwọn oníbátìrì ń pè ní 60 áńpù lè fún wa ní 60 irú rẹ̀ péré nígbà tó bá kún. Láàárín oṣù kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Bí bátìrì bá wà láìkún fún ìgbà pípẹ́, iyọ̀ funfun kan tí òjé àti ásíìdì jọ bí yóò gbá sára àwọn òjé inú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ṣíṣáájì ṣì lè yọ́ ọ kúrò. Bí ó bá pẹ́, iyọ̀ náà yóò le, ibi tó bò kò sì ní gba iná mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì tí kò tíì lo ọdún méjì fi lè máa ṣe bí arúgbó. Ooru ilẹ̀ wa tún ń dá kún un. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 10 lọ sókè, ìjò tí bátìrì ń jò fúnra rẹ̀ ń di bí ìlọ́po méjì, omi inú rẹ̀ sì ń yára gbẹ.

Bí mọ́tò bá wá kọ̀ tí kò sítáàtì, a ó pe ọmọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n bá wa tì í, tàbí kí a fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí jíà rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì kò sì ṣe é tì sítáàtì rárá. Rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, yóò tú bátìrì, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣáájì, ẹni yẹn náà sì ń dúró de NẸ́PÀ tàbí kí ó da epo sí jẹnẹrétọ̀.

Bí oòrùn ṣe di iná

Ní 1839 ni Edmond Becquerel, ará Faransé bíi Planté, ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn. Ó di 1954 kí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ní Bell Laboratories, Amẹ́ríkà, tó fi sílíkọ́nì ṣe páńẹ̀lì tó wúlò. Owó rẹ̀ ga débi pé sátẹ́láìtì ló kọ́kọ́ rí i lò. Láàárín ọdún 1970 sí 1975, Elliot Berman àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Solar Power Corporation, tí Exxon elépo fowó tì lẹ́yìn, fa iye rẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là fún wáàtì kan sí nǹkan bí ogún. Lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi páńẹ̀lì wọn ṣe ni bíbọ́ bátìrì àwọn àtùpà tó ń ṣọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi, lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun. Volkswagen náà ti fi páńẹ̀lì pẹlẹbẹ sínú àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, kí bátìrì wọn má baà tán kí wọ́n tó dé ọwọ́ oníbàárà.

Ìwọ̀n tó yẹ

Páńẹ̀lì wáàtì 10 tí wọ́n ṣe fún bátìrì fóòtì 12 máa ń mú nǹkan bíi fóòtì 18 wá, iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ sì ju ìdajì áńpù lọ díẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oòrùn ọjọ́ kan, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò ju wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún oòrùn kíkún lọ bí a bá kó o jọ. Páńẹ̀lì náà yóò dá nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ ìjókòó ń jẹ padà lójúmọ́. Wáàtì 5 yóò kàn tó o ni, kò ní sí àlékún. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ tí ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, agbára rẹ̀ ń dín, nítorí náà wáàtì 10 ni mo fara mọ́ fún mọ́tò kékeré. Wáàtì 5 ti tó fún ọ̀kadà. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí bátìrì méjì rẹ̀ so pọ̀ di fóòtì 24 kò lè lo páńẹ̀lì fóòtì 12 kan ṣoṣo. Ó ní tirẹ̀.

Ìṣirò kan náà ló fi hàn pé páńẹ̀lì kékeré kò lè gba bátìrì tó ti gbẹ là. Bátìrì 60 áńpù tó ṣófo yóò gbà á ní bí oṣù kan kí ó tó kún, iyọ̀ yóò sì ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ parí. Kí a kọ́kọ́ ṣáájì rẹ̀ kún lọ́dọ̀ oníṣẹ́, lẹ́yìn náà kí oòrùn máa tọ́jú rẹ̀.

Ọkọ̀ nínú ibòòji, páńẹ̀lì nínú oòrùn

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó wọn ṣòfò jù lọ nìyí. Abẹ́ igi máńgòrò ni a fẹ́ràn láti gbé mọ́tò sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibòòji ń dáàbò bo bátìrì, táyà àti ọ̀dà. Àmọ́ bí a bá gbé páńẹ̀lì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi, a kò ṣe nǹkan kan. Kódà nínú oòrùn, gíláàsì dúdú ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ náà. Ewé kan ṣoṣo tó bá bo ojú kan lára páńẹ̀lì lè gé agbára gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ gidigidi, torí pé àwọn ojú rẹ̀ tò tẹ̀ léra ni, iná sì ní láti gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá.

Ohun tó dára jù ni kí ọkọ̀ wà nínú ibòòji, kí páńẹ̀lì wà lórí páànù ilé tàbí lórí ògiri, kí wáyà sì so wọ́n pọ̀. Iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ kéré débi pé wáyà lásán tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé, tó gùn tó mítà mẹ́wàá, kò ní jẹ ẹ́ ní nǹkan tó ṣe é kà sí. Kí ojú páńẹ̀lì tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà gúúsù, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, kí a máa fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀.

Ẹnu ibi ìtanná sìgá inú ọkọ̀ náà ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ páńẹ̀lì máa ń bá wáyà ẹnu yìí wá, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáánù, Camry àti Corolla tó kún ojú títì wa pẹ̀lú, ẹnu yẹn kì í ní iná bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní pípa. Páńẹ̀lì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí iná kankan má dé bátìrì. Orí bátìrì gan-an ni kí rìwáyà so ó mọ́, pẹ̀lú fíùsì kékeré lórí wáyà pupa, nítòsí bátìrì.

Kọ́ńtúrólà

Fóòtì 18 pọ̀ jù fún bátìrì fóòtì 12. Kọ́ńtúrólà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wà láàárín páńẹ̀lì àti bátìrì, ló ń dá a dúró: yóò jẹ́ kí bátìrì gòkè dé bíi 14.4, lẹ́yìn náà yóò dì í mú ní nǹkan bí 13.6. Ó tún ń dí iná lọ́nà kí ó má baà ṣàn padà sínú páńẹ̀lì lóru. Àwọn kan ń sọ pé páńẹ̀lì wáàtì 5 kò nílò rẹ̀ níwájú bátìrì ńlá. Òótọ́ wà níbẹ̀, bí dáyóòdù, ohun tí kì í jẹ́ kí iná ṣàn padà, bá ti wà lẹ́yìn páńẹ̀lì náà. Síbẹ̀, nínú ooru tiwa, tí àpọ̀jù iná ń gbẹ omi bátìrì, kí a lo kọ́ńtúrólà ló dára jù. Èyí tó rọrùn jù lọ lọ́jà ti tó. Àwọn olówó gọbọi kò ní èrè púpọ̀ fún páńẹ̀lì tó kéré báyìí. Bátìrì ni kí a kọ́kọ́ so mọ́ kọ́ńtúrólà, páńẹ̀lì lẹ́yìn. Bí a bá ń tú u, páńẹ̀lì ni kí a kọ́kọ́ tú. Bátìrì tó ń gba iná ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde, nítorí náà kí sìgá àti iná àbẹ́là jìnnà sí i. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, nìkan ló yẹ bátìrì olómi, kì í ṣe omi kànga.

Lọ́jà Alaba ní Èkó àti láwọn ìsọ̀ sólà káàkiri, iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ̀lì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ọ̀nà àyẹ̀wò wà tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Páńẹ̀lì tó dára ń mú nǹkan bíi wáàtì 200 jáde nínú mítà kan níbùú lóròó. Èyí tí kò fẹ̀ ju ojú ìwé tí a fi ń tẹ lẹ́tà lọ kò lè kọjá nǹkan bíi 12, bó ti wù kí wọ́n kọ 30 sí i lẹ́yìn.

Òjé tó ṣẹ́kù

Nígbà kan, Exide ní Ìbàdàn ló ń ṣe bátìrì fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní Nàìjíríà àti fún àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Lónìí, púpọ̀ nínú bátìrì wa ń ti òkè òkun wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kù. Bátìrì tó bá kú kì í pòórá: wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀ tà. Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ará àdúgbò ń yọ òjé bátìrì àlòkù nínú iyẹ̀pẹ̀ nígbà kan. Láàárín oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008, ọmọ kéékèèké 18 kú níbẹ̀. Òjé kò ní òórùn tí ènìyàn fi lè sá fún un, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bàjẹ́ jù. Bátìrì tó bá lo ọdún mẹ́rin dípò méjì dín ohun tí wọ́n ń yọ́ kù ní ìdajì, èyí sì ni ìdí tó ga jù lọ, lójú tèmi, tí páńẹ̀lì kékeré yìí fi yẹ ní títàn kálẹ̀.

Bí bátìrì bá wá kú náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́ ọ nílé, ẹ má sì ṣe da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ẹ gbé e padà lódidi fún ẹni tó ń ta bátìrì, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án.